Ẹ̀wù Òjé Kan Ṣoṣo

Inú òkùnkùn ni mo ti kọ́kọ́ bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé yàrá náà nítorí irú iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀, ojú mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú oòrùn kò sì rí nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀, ọmọ Dàhòmì? Káàbọ̀, àbúrò. Rọra o, irin wà níwájú rẹ."

Ó na ọwọ́ sí mi. Nígbà tí mo bọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni pé èèpo igi ni mo dì mú. Ó gbẹ, ó le, ó sì là káàkiri. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé àgbẹ̀ ni kí ó tó di òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Irọ́ ni mo rò. Ọmọ oníṣòwò aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò fi ọwọ́ kan ọkọ́ rí láyé rẹ̀.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú yàrá yẹn ló sọ ọwọ́ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Mo ti darúgbó báyìí tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú sì ń bí mi bí ẹni pé àná ni. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. N kò gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé.

Ọdún tí gbogbo wa gba òmìnira ni. Dàhòmì ló ṣáájú, Gabon tẹ̀lé e, Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ lẹ́yìn wọn. Gbogbo Libreville, olú ìlú Gabon, ló jó, àwa àjòjì náà sì jó, nítorí kò sí ẹni tí kò ní àsíá tuntun tí yóò gbé sókè. Àbúrò bàbá mi, tí ó ń rán aṣọ ní àdúgbò Kalikak, ló ránṣẹ́ pè mí láti Pọ̀bẹ̀ ní Dàhòmì. Mo ti ka ìwé dé ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo lè kọ Faransé, mo sì lè kà á. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo dé tí ilé ìwòsàn kan fi gbà mí sí ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú ara.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Aláìsàn á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á dúró sáàárín ẹ̀rọ àti gíláàsì ńlá kan. Bí a bá pa iná tí a sì tan ẹ̀rọ náà, ìtànṣán kan á jáde láti inú rẹ̀, á gba ara aláìsàn kọjá, gíláàsì á wá máa tàn bí iná tanná-tanná, dókítà á sì máa wo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà bí wọ́n ṣe ń mí. Ìtànṣán náà kò ṣe é fojú rí. Kì í gbóná, kì í dún, kò ní òórùn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le á dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dúró, arúgbó tí ikọ́ ife ti gbẹ ara rẹ̀ kò lè dúró. Ẹnì kan ní láti dì wọ́n mú. Ọkùnrin tí mo bọ̀ lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, ẹ̀gbọ́n, ni ẹni náà. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ kìíní, bí n ó sì ṣe máa pè é níhìn-ín nìyẹn.

Dókítà wa jẹ́ Faransé. Láràárọ̀, kí a tó pa iná, á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á yọ ẹ̀wù dúdú kan kúrò lára ìṣó. Ẹ̀wù náà nípọn, ó bo àyà dé orúnkún. Á gbé e kọ́rùn, á kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á sì bá a so okùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà á ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́ ńlá méjì tí ó dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló wà. Ìbọ̀wọ́ méjì ṣoṣo ló wà, ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì. Ẹ̀gbọ́n á wá káṣọ sókè dé apá, á di ọmọ mú níhà méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ lásán nínú ìtànṣán.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo bi í léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ̀wù dúdú yẹn wà fún?"

"Kí aṣọ funfun dókítà má baà dọ̀tí ni. Òyìnbó kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Omi tí a fi ń fọ fọ́tò, bí ó bá ta sí aṣọ lára, kì í bọ́ mọ́."

"Ó mà wúwo o."

"Ó wúwo ju àgbò lọ," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìdí tí mo fi ń bá a so ó nìyẹn. Kò lè dá a so."

Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá tí ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ohun tí ó sì gbà gbọ́ ní gbogbo ọdún yẹn nìyẹn. Kò sẹ́ni tí ó sọ nǹkan mìíràn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọwọ́ nìkan ni. Ó sanra díẹ̀, ó gùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "mí sínú" àti "má mí" ní èdè Fang àti ní èdè Mpongwe, àti ní àwọn èdè mìíràn tí n kò mọ orúkọ wọn. Ọmọ tí ó bá ń ké wọlé, ẹ̀gbọ́n á fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, á wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tú jáde pẹ̀lú ariwo. Ọmọ á gbàgbé ẹkún. Àwọn ìyá mọ̀ ọ́n. Tí òun àti èmi bá ń rìn lọ́jà, obìnrin mẹ́rin márùn-ún á dá wa dúró kí wọ́n lè kí ọkùnrin tí ó di ọmọ wọn mú. N kò rò pé ọmọ kan wà tí ó ṣàìsàn àyà nílùú yẹn nígbà náà tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ó máa ń pè mí wá jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà, ń ta aṣọ nínú ọjà, kò sì sí ohun tí kò lè fi ṣe àwàdà. Mo ṣàkíyèsí pé ṣíbí ni ẹ̀gbọ́n fi ń jẹ iyán. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n ti di Òyìnbó. Iyán lẹ ń fi ṣíbí jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ata ni," ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Bí ata ọbẹ̀ bá kan ojú ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti là, omijé ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Omi àlùwàlá pàápàá ń ta á. Gbogbo alẹ́ ni mo ń fi òrí pa á. Òrí yẹn ì bá ti wo igi gbígbẹ sàn."

Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ náà dáadáa. Èékánná rẹ̀ ti dúdú, wọ́n sì ti pín sí wẹ́wẹ́ lórí. Àwọn kókó kéékèèké yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé ìka. Egbò kan wà ní ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún tí kì í jinná. Á sàn bí ẹni pé ó fẹ́ gbẹ, á tún ṣí.

Ní ọdún kejì mi, nǹkan kan bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kó òmíràn wá láti Faransé. Ìwé kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀. Dókítà jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù láì ṣí i. Èmi tí mo fẹ́ràn ìwé kíkà ju oúnjẹ lọ, mo mú un ní àkókò ìsinmi, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, mo ń kà á. Ojú ìwé kẹrin tàbí karùn-ún ni mo dé tí mo rí àwòrán ọwọ́ kan. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni. Mo ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni! Èékánná tó là, kókó tó yọ, egbò orí ìka ìfábẹ̀lá. Ẹnì kan ní ilẹ̀ Òyìnbó ti mọ ọwọ́ yẹn, ó ti yà á, ó ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ó ti dì í sínú páálí, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí wa.

Mo lọ pe ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ìwé kan wà tí mo fẹ́ kà fún yín."

"Ìwé kí ni? Ṣé lẹ́tà wá láti ilé?"

"Ìwé ẹ̀rọ wa ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Mo kà á pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ lásán bọ ojú ọ̀nà ìtànṣán. Mo kà á pé gbogbo ẹni tó bá dúró nítòsí gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi òjé ṣe, nítorí òjé ni ìtànṣán náà kò lè là kọjá. Mo ka ibi tí wọ́n ti sọ pé irun ẹ̀yìn ọwọ́ á re, pé èékánná á là, pé egbò á yọ tí kò ní jinná, àti pé egbò náà lè di jẹjẹrẹ.

Ẹ̀gbọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí irun kan níbẹ̀.

"Òjé," ó wí. "Òjé ni ẹ̀wù yẹn?"

"Òjé ni."

"Kì í ṣe nítorí ìdọ̀tí?"

"Kì í ṣe nítorí ìdọ̀tí, ẹ̀gbọ́n."

Aago ìparí ìsinmi dún. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Ohun tí kò gbóná, báwo ló ṣe ń sun ènìyàn?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti ń lọ kí ó tó sọ èyí tó kù, kò sì kọjú sí mi: "Èmi ni mo ń bá a so okùn rẹ̀, àbúrò. Láràárọ̀."

Àwa méjèèjì lọ bá dókítà. N ó sọ òtítọ́: dókítà náà kì í ṣe ìkà ènìyàn, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ó máa ń fún àwọn ọmọ ní súìtì. Ó ti jí lóru rí lọ wo ìyá arúgbó kan ní àdúgbò PK8 lẹ́yìn ìlú láì gba nǹkan kan. Ó gbọ́ ohun tí a sọ, ó sì fi ọwọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ní kí o máa ka ìwé mi?" Ìyẹn ló kọ́kọ́ bi mí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé omi fọ́tò ló ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, pé kí ó máa fi ọṣẹ fọ ọ́ dáadáa. Ó ní awọ ara wa nípọn, kò rí bíi tiwọn.

"Ẹ wò ó, dókítà," ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ ní Faransé tirẹ̀ tí kò tò, "bí awọ mi bá nípọn, kí ló là á?"

Dókítà ní kí a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a ti yọ ọ́ lẹ́nu, ó mú báàjì kéékèèké méjì jáde. Fíìmù wà nínú wọn. Ó ní kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ àyà fún oṣù kan, pé wọ́n á lọ wò wọ́n ní Paris, wọ́n á sọ iye ìtànṣán tó kàn wá lára. A lẹ̀ wọ́n bí ẹni tí ìjọba fi oyè dá lọ́lá. Wọ́n kó wọn lọ. Oṣù mélòó kan kọjá. Nígbà tí mo bèèrè, dókítà gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kò sí nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ dára."

Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ó yẹ kí n ti sọ ti ara mi, nítorí kì í ṣe dókítà nìkan ni mo ń bínú sí. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé yẹn, mo ti ń sá. Bí wọ́n bá pa iná, èmi á ti wà lẹ́yìn ògiri, níbi tí mo ti ń pa ẹ̀rọ tí mo sì ń tàn án. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n ló mọ ọmọ dì mú, pé bí mo bá dì wọ́n mú wọ́n á máa ké. Òtítọ́ ni, wọ́n á ké. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹkún wọn ni mo fi wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀gbọ́n mọ̀. Nígbà kan tí mo fẹ́ jáde lọ bá a di ọmọ kan mú, ó ní, "Dúró síbẹ̀. Tìrẹ ṣì dára." Mo dúró síbẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gé ìka ìfábẹ̀lá náà. Kò pẹ́ tí wọ́n tún gé ìka àárín. Ilé ìwòsàn wa kan náà ló gé wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé egbò tí kò jinná ni, wọn kò kọ ohun tó fa egbò. Nígbà tí ibi tí wọ́n gé tún kọ̀ tí kò sàn, ẹnì kan nínú wọn ní kí wọ́n rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú adẹ́tẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ kejì pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló gbé e lọ lójú gbogbo àdúgbò. Kí ó tó padà dé, Kalikak ti dá ẹjọ́ náà. Ọkùnrin tí ìka rẹ̀ ń gé, tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀, kí ló tún kù? Àwọn tí ó máa ń bọ ọwọ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí wá ń juwọ́ sí i láti òkèèrè. Aráalé wọn kan kò jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n fa omi pẹ̀lú garawa wọn mọ́. Nínú ọjà, àwọn obìnrin á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á wo aṣọ rẹ̀, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án. Àwọn ìyá tí ẹ̀gbọ́n ti di ọmọ wọn mú wà nínú wọn. Mo rí wọn.

"Ó ku èèyàn méjì tó ń jẹun nílé mi," ìyàwó ẹ̀gbọ́n sọ fún mi. "Ìwọ àti ọkọ mi." Kò fi ìyẹn ṣe àwàdà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà nílé tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, dókítà pè mí jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọdún méjì lọ wà níwájú ẹ̀rọ, ó ń ké, ìyá rẹ̀ náà ń ké.

"Wá dì í mú," dókítà wí.

Kì í ṣe pé mo ti pinnu tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo yọ ẹ̀wù òjé kúrò lára ìṣó, mo gbé e kọ́rùn, mo sì so okùn rẹ̀ fúnra mi. Irọ́ ni pé ẹnì kan kò lè dá a so.

"Bọ́ ọ."

"N kò bọ́ ọ, dókítà."

"Èmi wá ńkọ́? Kí ni kí èmi wọ̀?"

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún ni kí ẹ wọ̀."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó pariwo pé òun á lé mi kúrò níṣẹ́, pé òun á lé mi kúrò ní Gabon pàápàá. Mo dúró. Ẹ̀wù náà ń fà mí lọ́rùn wálẹ̀. Mo ní, "Ẹ bá mi di ọmọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí n lè gbà gbọ́ pé kò sí nǹkan kan." Ó wo ọmọ náà. Ó wo ẹ̀rọ náà. Ó wá tan iná, ó sì jáde. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ dájú pé ó mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ọmọ Gabon ni ọ̀gá tuntun náà, ó kàwé ní Faransé. Lọ́jọ́ tí ó gba ipò náà, gbogbo wa òṣìṣẹ́ dúdú ló pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n jókòó, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní orílẹ̀-èdè wa ṣì kéré, pé nǹkan á máa dára díẹ̀díẹ̀, pé sùúrù ni a nílò. Ó ní òun á wo ọ̀rọ̀ náà. Ó wá ní kí n lọ kó fáìlì ẹ̀rọ wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù dókítà, kí òun lè mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n rà.

Nínú fáìlì yẹn ni mo ti rí lẹ́tà Paris. Ó ti lé lọ́dún kan tí ó ti dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé báàjì kejì, ìyẹn tèmi, ní ìtànṣán díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé báàjì kìíní ti gba ìtànṣán tó kọjá ààlà lọ jìnnà, pé kí wọ́n yọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí dókítà yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fèsì. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù bulúù fa ìlà sábẹ́ "lójú ẹsẹ̀". Ẹni tó fa ìlà náà ti kà á, ó ti lóye rẹ̀, ó sì ti dá a padà sínú fáìlì. Lẹ́yìn tí ó fa ìlà yẹn, ẹ̀gbọ́n ṣì di ọmọ mú fún bí ọdún kan.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo da lẹ́tà náà kọ sínú ìwé mi, gbólóhùn kan kò ṣẹ́kù. Mo wá gbé fáìlì lọ fún ọ̀gá. Lẹ́tà náà ni mo fi sókè pátápátá.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹlòmíràn ti rí i?"

"Èmi nìkan, ọ̀gá."

"Kí ó mọ síbẹ̀."

Mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n kírun tán, mo lọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí tí ẹ̀gbọ́n ti ń kírun. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, n kò wọlé. Mo bẹ Lèmọ́mù pé kí ó fún mi láàyè díẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó túká. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ó jókòó ní òun nìkan lábẹ́ ògiri. Mo ka ẹ̀dà lẹ́tà náà ní Faransé fún àwọn ọmọ tí a bí sí Gabon, mo sì túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn bàbá wọn. Mo ní ọkùnrin tí ẹ ń sá fún yìí kò ní ẹ̀tẹ̀. Mo ní ọwọ́ tí ó fi di àwọn ọmọ yín mú ni iṣẹ́ jẹ. Mo ní àwọn tó gbà á síṣẹ́ mọ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí.

Lèmọ́mù ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà. Nígbà tí mo parí, Lèmọ́mù rìn lọ sí ẹ̀bá ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú ọwọ́ tí wọ́n di ní báńdéèjì náà. Ẹ̀gbọ́n sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí, n kò sì tún rí i mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, obìnrin mẹ́ta ra aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ta aṣọ náà fún wọn, ṣùgbọ́n kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ohun tí mo kà dé etí ọ̀gá, ó sì kọ̀wé ra òmíràn. Ẹ̀wù òjé méjì àti ìbọ̀wọ́ mẹ́rin dé nínú ọkọ̀ òfurufú kí oṣù náà tó parí. Ẹ tún gbọ́ o: kí oṣù náà tó parí! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀wù kan ṣoṣo fi wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè òmíràn. Kò ju kí ẹnì kan kọ lẹ́tà kan lọ. Nígbà tí mo ṣí páálí yẹn, ayọ̀ kò sí lọ́kàn mi. Ṣe ni mo fẹ́ fi iná sun ún.

Ẹ̀gbọ́n kò bèèrè ju ohun kan lọ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ló ba ọwọ́ òun jẹ́, kí òun lè mú un dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pe òun ní adẹ́tẹ̀ mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni a lọ. Nígbà kẹta, ọ̀gá fún un ní ìwé tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè. Mo kà á fún un lójú ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú ìwà rere, àti pé àrùn awọ ara ló mú kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Àrùn awọ ara," ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá a."

"Rárá. Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò." Ó gbá abíyá rẹ̀ mú. Kókó kan ti yọ síbẹ̀ nígbà yẹn, tí ó tóbi bí ẹyin ẹyẹlé. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ó ti fi pa mọ́ fún wa.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀dà lẹ́tà Paris tí mo fọwọ́ kọ ló wà nínú àpò rẹ̀, kì í ṣe ìwé olóǹtẹ̀ yẹn. Kò tó ọdún kan tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan ló bá a kọ ọ́. Ó ní jẹjẹrẹ ti gun àyà rẹ̀, pé ó jìyà púpọ̀ kí ó tó kú. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú rẹ̀, àwọn tó máa ń wẹ òkú wo ọwọ́ náà, wọ́n sì ń bẹ̀rù. Òun ló gba omi lọ́wọ́ wọn, òun ló wẹ̀ ẹ́.

Mo mú lẹ́tà náà lọ fún ọ̀gá. Ó ní ó dùn òun gan-an. Ó ní ènìyàn dáadáa ni. Ó wá bi mí bóyá n ó lè kọ́ ọmọkùnrin tuntun kan níṣẹ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ará ìlú Port-Gentil. Dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń wo òkun láti ojú fèrèsé. Kò yíjú padà.

Mo kọ́ ọmọkùnrin náà fún oṣù mẹ́ta. Kí n tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mo fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó kọjá ìlà yẹn láì wọ ẹ̀wù, kí ó kọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ààrẹ ni. Ó bi mí pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá kọjá rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí èékánná títí dé abíyá. Nígbà tí ó mọ iṣẹ́ tán, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mo ní àrùn awọ ara ni.